Jámánì: ọkọ̀ odò ni, àbí mọ́tò tí ẹ máa wà fúnra yín?

Ìbéèrè tí àwọn èèyàn wa máa ń bi mí jù lórí Jámánì ni pé, "Ṣé ká wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń gbéni láti ìlú dé ìlú ni, àbí ká háyà mọ́tò ká máa wà á kiri?" Mo ti ṣe méjèèjì. Lọ́dún tí ìyá mi pé ẹni ọdún 74 ni mo mú wọn wọ ọkọ̀ lórí odò Rhine. Lẹ́yìn ìyẹn, èmi àti ọkọ mi kó àwọn ọmọ wa méjì sínú mọ́tò, a sì wà á láti Würzburg títí dé ìdí òkè Alps. Ìrìnàjò méjèèjì dùn mọ́ wa, ṣùgbọ́n ká ní mo fi ìyá mi sínú mọ́tò yẹn ni, ara wọn kì bá gbà á. Ká sì ní mo mú àwọn ọmọ wọ ọkọ̀ odò fún ọjọ́ mẹ́jọ ni, ọkàn wọn kì bá balẹ̀ níbẹ̀.

Ibi tí ẹ fẹ́ fojú rí àti ẹni tí ẹ ń mú dání ló máa pinnu. Mo to ọ̀rọ̀ náà síbí bí mo ṣe máa ń tò ó fún ẹbí àti ọ̀rẹ́. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ kankan, torí èyí tó ṣáájú ló ń là fún èyí tó kàn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo àwòrán ilẹ̀ kí ẹ tó wo iye owó

Ọkọ̀ odò kò lè dé ibi tí odò ò dé. Ó dà bí ohun tí gbogbo ayé mọ̀, síbẹ̀ mo ti rí ẹni tó sanwó ọkọ̀ lórí Rhine, tó sì ń retí pé òun máa rí Neuschwanstein, ààfin funfun tí Ọba Ludwig Kejì ti ilẹ̀ Bavaria bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ lọ́dún 1869. Ẹ̀bá Füssen ni ààfin náà wà, ní ìdí òkè Alps, kò sì sí ọkọ̀ odò tó ń gba ibẹ̀ kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni München (Munich), bẹ́ẹ̀ ni Rothenburg, ìlú àtijọ́ tó ní odi, bẹ́ẹ̀ ni àárín gbùngbùn igbó Schwarzwald (Black Forest). Bí ẹ bá rí orúkọ Rothenburg nínú ìwé ìpolówó ọkọ̀, bọ́ọ̀sì ni wọ́n máa fi gbé yín láti Würzburg. Bí ẹ bá rí München, láti Regensburg tàbí Passau ni, wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì nínú bọ́ọ̀sì ní àlọ nìkan. Ẹni tó bá ń fi bọ́ọ̀sì tẹ̀ lé ọkọ̀ omi lójoojúmọ́ ti san owó méjì fún ìrìnàjò kan.

Ṣùgbọ́n ohun tí odò ní, mọ́tò kò lè fún yín bẹ́ẹ̀. Láàárín Rüdesheim àti Koblenz, odò Rhine la àárín òkè kọjá fún nǹkan bíi kìlómítà 65. Ilé olódi lọ́tùn-ún, ilé olódi lósì, oko àjàrà sì tẹ́ bí àtẹ̀gùn sí ara òkè. Àjọ UNESCO fi àfonífojì náà sínú ogún àgbáyé lọ́dún 2002. Ẹ máa rí Pfalzgrafenstein níbẹ̀, ilé olódi kékeré tí wọ́n kọ́ sáàárín omi ní Kaub láti fi gba owó ibodè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ayé àtijọ́, ẹ sì máa rí òkè àpáta Loreley tó ga ní mítà 132. Lórí omi, èèyàn á jókòó, òkè á sì máa kọjá lójú ẹ̀. Nínú mọ́tò, ẹni tó ń wakọ̀ kì í rí nǹkan kan nínú ìwọ̀nyí, ojú ọ̀nà ló ń wò.

Ní ti àwọn odò yòókù: Mosel ń ti Trier bọ̀, níbi tí ẹnubodè Porta Nigra tí àwọn ará Róòmù kọ́ ṣì dúró sí, ó sì ń gba Bernkastel àti Cochem dé Koblenz. Main ń gba Würzburg. Danube ń gba Regensburg, ó sì pàdé Inn àti Ilz ní Passau. Elbe ló ń gbéni dé Meissen àti Dresden.

Ẹ mú bébà, ẹ kọ ibi márùn-ún tí ẹ kò gbọ́dọ̀ má rí. Ẹ fi àmì sí èyí tó wà létí odò. Bí mẹ́rin bá wà létí odò kan náà, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ omi lẹ ń sọ. Bí wọ́n bá fọ́n ká, ẹ máa ronú mọ́tò.

Ìgbésẹ̀ kejì: ta ni ẹ ń mú dání?

Ohun tí ìyá mi fẹ́ràn jù nínú ọkọ̀ odò ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n tú ẹrù wọn. Wọ́n sùn ní ìlú kan, wọ́n jí ní òmíràn, ìrọ̀rí wọn kò sì yí padà. Fún àgbàlagbà, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Àmọ́ kí ẹ tó sanwó fún ẹni tí orúnkún ń dùn, ẹ mọ nǹkan wọ̀nyí. Lífítì inú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í dé òrùlé níbi tí àwọn èèyàn ti ń jókòó wo òkè, àwọn mìíràn kì í sì í dé àjà ìsàlẹ̀ pátápátá. Bí èbúté bá kún, ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta á so pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ ó sì máa gba inú ọkọ̀ ẹlòmíràn kọjá kí ẹ tó tẹ ilẹ̀. Nígbà mìíràn, àtẹ̀gùn ni. Ìlú àtijọ́ Jámánì sì kún fún òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò sílẹ̀, èyí tó ń ta kẹ̀kẹ́ aláìsàn àti ọ̀pá ìtilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ odò kò ní dókítà nínú, kò dà bí ọkọ̀ ojú òkun ńlá. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn àtọ̀gbẹ, ẹ kó èyí tó máa lé ní ọ̀sẹ̀ kan sí ọwọ́, kí ẹ má kó o sínú àpótí tí ẹ máa fi sí ìsàlẹ̀ bàálù.

Ọmọdé, ní tèmi, mọ́tò ló bá wọn mu. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ jù nínú ọkọ̀ odò, àyè eré kò sí, àwọn ọkọ̀ kan sì wà tí kì í gba ọmọ kékeré rárá. Nínú mọ́tò, bí ọmọ bá sunkún, ẹ ó yà, ẹ ó ra áísìkiriìmù fún un, ẹ ó tún gbéra.

Ẹni tó ń dá lọ ńkọ́? Owó yàrá ọkọ̀ odò, ẹni méjì nínú yàrá kan ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo á san àfikún, nígbà mìíràn àfikún ọ̀hún á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ẹnì kejì. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń yọ ọ́ kúrò lórí àwọn ọjọ́ tí ọjà kò yá. Ẹ béèrè.

Ẹ ka iye ẹni tó lè wakọ̀ pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ ẹnì kan péré, ẹni yẹn kò lọ gbafẹ́, iṣẹ́ ló lọ ṣe. Bàálù tó ń ti Èkó lọ sí Frankfurt tààrà sì sábà máa ń balẹ̀ ní kùtùkùtù òwúrọ̀ lẹ́yìn tí èèyàn ti fi gbogbo òru jókòó. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gba mọ́tò lọ́jọ́ yẹn. Ẹ wọ reluwé, ẹ lọ sùn, kí ẹ lọ gba mọ́tò lọ́jọ́ kejì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ṣe ìṣirò náà bó ṣe yẹ

Wọn á sọ fún yín pé mọ́tò ló rọjú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Orí èèyàn kọ̀ọ̀kan ni ọkọ̀ odò ń gbowó lé, mọ́tò ń gba tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ ẹni márùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìdílé fi ń rí èrè nínú mọ́tò, tí tọkọtaya tó máa sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì tó dáa sì máa ń rí i pé ìyàtọ̀ kò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe rò.

Fún ọkọ̀ odò, ẹ kọ owó yàrá, bàálù, ọkọ̀ láti pápákọ̀ dé èbúté, ẹ̀bùn ọwọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́, ohun mímu bí kò bá sí nínú owó náà, àti owó ìrìn-kiri tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀. Fún mọ́tò, ẹ kọ owó háyà, ìnṣọ́ránsì, epo, hòtẹ́ẹ̀lì alaalẹ́, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, owó páàkì, àti owó orí kékeré tí ọ̀pọ̀ ìlú ń gbà lọ́wọ́ àlejò tó bá sùn. Ní ti epo, mọ́tò kékeré tó ń mu lítà 7 fún kìlómítà 100 á mu lítà 70 fún ẹgbẹ̀rún kìlómítà, ìyẹn sì tó fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí owó ibodè fún mọ́tò kékeré lójú Autobahn, títì ńláńlá ilẹ̀ Jámánì. Bí ẹ bá fẹ́ fi mọ́tò kọjá sí Ọ́stríà tàbí Switzerland, ẹ máa ra ìwé àṣẹ títì ńláńlá wọn kí ẹ tó wọ ojú ọ̀nà náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìwé

Ẹni tó bá di pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà mú nílò físà Schengen, físà kan ṣoṣo tó wà fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ì báà jẹ́ pé London ló ń gbé. Ìwé ìgbé UK kò dípò rẹ̀. Owó físà náà ti di yúrò 90 fún àgbàlagbà láti oṣù kẹfà ọdún 2024. Ìnṣọ́ránsì ìlera yín gbọ́dọ̀ tó yúrò 30,000. Ẹ lè béèrè fún un láti oṣù mẹ́fà ṣáájú, ó pẹ́ tán ọjọ́ 15 ṣáájú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró di ọjọ́ 15 ń fi owó ọkọ̀ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Ibi tí ọkọ̀ odò ti ń kó àwọn èèyàn sí wàhálà rèé. Orílẹ̀-èdè tí ẹ máa lò pẹ́ jù ni ẹ gbọ́dọ̀ tọ̀ lọ fún físà; bí ọjọ́ wọn bá dọ́gba, èyí tí ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ni. Ọkọ̀ tó gbéra ní Amsterdam tó parí sí Basel ń gba Họ́lándì, Jámánì, Faransé àti Switzerland kọjá. Ẹ fi ìka ka òru ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ tó gbéra ní Passau tó ń lọ sí Budapest lè jẹ́ pé Ọ́stríà ló ni òru tó pọ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Jámánì lẹ ti wọ̀ ọ́. Bí ọkọ̀ bá sì ń kọjá Budapest lọ sí Belgrade, Sẹ́bíà kò sí nínú Schengen: físà tó ń jẹ́ kéèyàn wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lẹ nílò bí ẹ bá máa padà sínú Schengen, ẹ sì wo òfin físà Sẹ́bíà fúnra rẹ̀. Fún ẹni tó ń wa mọ́tò nínú Jámánì nìkan, ọ̀rọ̀ náà rọrùn: Jámánì ni, ó parí.

Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà nìkan kò tó láti fi háyà mọ́tò. Ẹ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ káríayé nílé kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì mú méjèèjì dání. Láísẹ́ǹsì káàdì ti UK tó fúnra rẹ̀. Ti Amẹ́ríkà, ẹ fi ìwé káríayé náà tì í.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bó bá jẹ́ ọkọ̀ odò lẹ yàn, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bi

Èyí ni àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kì í fẹ́ sọ púpọ̀ lé lórí. Láti Iffezheim, níbi tí ibodè omi tó kẹ́yìn lórí Rhine wà, sísàlẹ̀ títí dé òkun, kò sí ohun tó ń dá omi Rhine dúró. Bí òjò bá rọ̀, á kún. Bí ọ̀dá bá dá, á fà. Ní Kaub, láàárín àfonífojì tó rẹwà jù yẹn gan-an, ni omi ti ń kọ́kọ́ di tín-ín-rín. Lóṣù kẹwàá ọdún 2018, ìwọ̀n omi ní Kaub já sí sẹ̀ǹtímítà 25. Àmì tí àwọn ọlọ́kọ̀ fi ń ṣírò ni, kì í ṣe pé ibẹ̀ ni gbogbo jíjìn odò parí sí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńlá kò lè fi bẹ́ẹ̀ rìn. Bí omi bá sì kún àkúnjù, ọkọ̀ ò ní lè gba abẹ́ afárá, ìjọba á sì ti odò pa títí omi á fi fà.

Mosel àti Main yàtọ̀ pátápátá. Wọ́n ti fi ibodè omi gé wọn ní ìpele-ìpele. Ọkọ̀ á wọ inú kòtò gígùn kan tí wọ́n fi kọnkéré kọ́, ilẹ̀kùn á tì lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á da omi sí i tàbí kí wọ́n tú u jáde, ọkọ̀ á sì gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀. Main nìkan ní 34. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dá kì í fi bá Mosel àti Main jà bó ṣe ń bá Rhine jà. Ìṣòro tiwọn ni pé bí ibodè kan bá bàjẹ́, gbogbo ọkọ̀ á dúró: lóṣù kejìlá ọdún 2024, ọkọ̀ akẹ́rù kan já lu ilẹ̀kùn ibodè Müden lórí Mosel, ó sì di oṣù kejì ọdún 2025 kí odò tó ṣí dáadáa. Danube kò ní ibodè láàárín Straubing àti Vilshofen, ibẹ̀ ló ti máa ń kọ́kọ́ há. Elbe ló burú jù nígbà ọ̀dá. Mo fẹ́ràn Dresden gan-an, síbẹ̀ mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi owó ńlá lé ọkọ̀ Elbe lóṣù kẹjọ.

Oṣù karùn-ún títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ni mo máa ń yàn fún Rhine. Yìnyín orí Alps ń yọ́ wọ inú odò lákòókò yẹn, ilẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀. Oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ni wọ́n ń kórè àjàrà, ayẹyẹ wà ní gbogbo abúlé, àmọ́ ìgbà náà ni omi sábà máa ń fà jù. Ẹni tó bá fẹ́ ọjà Kérésìmesì Köln tàbí Nürnberg, ìparí oṣù kọkànlá sí ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú Kérésì ni. Ẹ wọ aṣọ òtútù gidi, kì í ṣe súwẹ́tà tí a ń wọ̀ ní ọyẹ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè wọ̀nyí, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn ránṣẹ́ sí yín:

- Aago mélòó ni ọkọ̀ máa gba àárín Koblenz àti Rüdesheim kọjá? Bó bá jẹ́ òru, ẹ wá òmíràn. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ lọ wò níbẹ̀ nínú òkùnkùn.
- Bí omi bá fà tàbí tó kún, ṣé ọkọ̀ míì ni ẹ máa gbé wa sí, àbí bọ́ọ̀sì àti hòtẹ́ẹ̀lì? Èló lẹ máa dá padà?
- Àwọn èbúté wo ló jìnnà sí àárín ìlú? Ní Nürnberg, ibi ìdúró ọkọ̀ kò sí nítòsí ìlú àtijọ́ rárá. Ní Passau, ìlú ló bẹ̀rẹ̀ létí omi.
- Yàrá wa, àjà wo ló wà, ṣé iwájú ni àbí ẹ̀yìn?

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ní ìdí. Àjà ìsàlẹ̀ ni owó rẹ̀ kéré jù, fèrèsé rẹ̀ kékeré, ó wà lókè díẹ̀ sí omi, kì í sì í ṣí. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń dún sí. Àjà àárín, ní agbedeméjì ọkọ̀, ni mo gbà fún ìyá mi. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí jẹ́ mítà 135 ní gígùn, mítà 11.4 ní ìbú, torí ibodè omi kò gba èyí tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà yàrá kò lè tóbi. Ẹ má kó àpótí mẹ́rin.

Ní ti òfin, bí ilé iṣẹ́ tó ta ìrìnàjò odindi fún yín ní Yúróòpù tàbí UK bá yí ohun pàtàkì inú rẹ̀ padà ṣáájú ọjọ́ ìgbéra, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti fagi lé e, kí wọ́n sì dá owó padà. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti gbéra ni wọ́n sọ fún yín pé bọ́ọ̀sì ló kù, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀, ìwé tí ẹ ti gbà lọ́wọ́ wọn á ràn yín lọ́wọ́.

Oúnjẹ inú ọkọ̀ pọ̀, ó sì dára, àmọ́ kò ní ata. Ẹ mú ata gígún dání. Ẹ má mú kìlíṣí tàbí ẹran gbígbẹ kankan wọ Yúróòpù láti Nàìjíríà; òfin kò gbà á, wọ́n á sì gbà á lọ́wọ́ yín. Ní Köln àti Frankfurt, ẹ wá ilé ìtajà tí wọ́n kọ Afroshop sí, ẹ máa rí gààrí àti èlùbọ́ níbẹ̀. Kò ní jẹ́ ọjọ́ Àìkú o, torí ìsọ̀ máa ń tì ní Jámánì lọ́jọ́ Àìkú, àfi èyí tó wà nínú ibùdókọ̀ reluwé ńlá àti ilé epo.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bó bá jẹ́ mọ́tò, ẹ kọ́ òfin wọn kí ẹ tó mú kọ́kọ́rọ́

Ẹni tó kọ́ ọkọ̀ ní Nàìjíríà ní àǹfààní kan: ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà ní Jámánì, bí a ṣe ń gbà nílé láti oṣù kẹrin ọdún 1972. Àwọn tí UK ti mọ́ lára ló gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, pàápàá láàárọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń jáde láti ilé epo tàbí hòtẹ́ẹ̀lì tí ojú ọ̀nà dá.

Nígbà tí ẹ bá ń háyà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé ọ̀tọ̀mátíìkì lẹ fẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ onílíbà ni wọ́n lè fún yín. Káàdì kírẹ́díìtì tó ní orúkọ awakọ̀ fúnra rẹ̀ lára ni wọ́n máa ń béèrè, wọ́n á sì so owó ìdúró mọ́ ọn. Mo ti rí ìdílé tó dúró síwájú káńtà pẹ̀lú ẹrù àti ọmọ, tí wọn ò fún ní mọ́tò nítorí pé káàdì ìyàwó ni, ọkọ ló fẹ́ wà á. Ẹ bèèrè iye tí ẹ máa san láti àpò yín bí mọ́tò bá ha, kí ẹ sì ya fọ́tò gbogbo ara rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12, tí kò sì ga tó mítà 1.5, gbọ́dọ̀ ní àga tirẹ̀.

Autobahn tó gùn tó nǹkan bíi 13,000 kìlómítà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù. Lóòótọ́, ibi púpọ̀ lójú rẹ̀ kò ní òpin eré, àmọ́ 130 ni wọ́n gba èèyàn níyànjú láti má kọjá. Ẹ dúró sí ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ òsì wà fún ìyásílẹ̀ nìkan: ẹ wo dígí, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kejì, torí mọ́tò tí ẹ rí bí ẹni pé ó jìnnà lè ti dé ẹ̀yìn yín kí ẹ tó mí. Ẹ ò gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ọ̀tún yá ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró sójú kan náà: àwọn tó wà ní òsì pátápátá á fà sí òsì, gbogbo àwọn yòókù á fà sí ọ̀tún, kí àárín ṣí sílẹ̀ fún ọkọ̀ aláìsàn. Ẹni tí kò bá ṣe é máa san ó kéré tán yúrò 200. Dídúró lójú Autobahn nítorí pé epo tán jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ó tán.

Inú ìlú jẹ́ 50, ìta ìlú tí kì í ṣe Autobahn jẹ́ 100, àfi bí àmì bá sọ ohun mìíràn. Kámẹ́rà pọ̀, ilé iṣẹ́ tó háyà mọ́tò fún yín á sì fi orúkọ yín lé ìjọba lọ́wọ́. Àṣìṣe tí àwọn àlejò ń ṣe jù ni ti oríta inú àdúgbò tí kò sí àmì kankan: ẹni tó ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún yín ló ni ọ̀nà, kódà bí ojú ọ̀nà tiyín bá fẹ̀ jù tirẹ̀ lọ. Fóònù lọ́wọ́ nígbà tí ẹ ń wakọ̀ jẹ́ yúrò 100.

Ìlú ńláńlá kan kì í jẹ́ kí mọ́tò wọ àárín wọn láìní sítíkà aláwọ̀ ewé lójú dígí. Mọ́tò háyà láti Jámánì sábà máa ń ní in. Mọ́tò tí ẹ bá gbé wá láti UK, ẹ gbọ́dọ̀ ra tirẹ̀. Níbi tí ẹ bá ti rí àmì páàkì tó ní àwòrán aago, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fi káàdì aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń pè ní Parkscheibe síwájú dígí, kí ẹ sì yí i sí ààbọ̀ wákàtí tó kàn lẹ́yìn tí ẹ dé. Epo ojú Autobahn wọ́n ju ti inú ìlú lọ. Ẹ ya kúrò lójú ọ̀nà ní kìlómítà díẹ̀. Ẹ ó kọ́kọ́ ra epo sínú mọ́tò, ẹ ó wá wọlé lọ sanwó. Bí ẹ bá ń lọ nígbà òtútù, ẹ rí i dájú pé táyà yìnyín ló wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò.

Ọjọ́ Àìkú ni kí ẹ fi rin ìrìn tó gùn. Òfin kò jẹ́ kí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá rìn lọ́jọ́ náà títí di aago mẹ́wàá alẹ́, ojú ọ̀nà sì máa ń fúyẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni kí ẹ sá fún.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ lè ṣe méjèèjì

Bí ẹ bá lágbára láti rìn, tí ẹ sì ní ọjọ́ mẹ́jọ, èyí ni mo fẹ́ràn jù, òun ni mo sì máa ń kọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ẹ balẹ̀ ní Frankfurt, ẹ wọ reluwé láti pápákọ̀ lọ sí Mainz, ẹ tún wọ òmíràn lọ sí Bacharach tàbí Boppard. Ẹ sùn níbẹ̀ ní òru mẹ́ta. Reluwé ń gba etí odò ní apá méjèèjì, reluwé ẹrù kì í sì í sinmi lóru, nítorí náà ẹ béèrè yàrá tó kọjú sí ẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ wọ ọkọ̀ ọjọ́ kan. Ilé iṣẹ́ Köln-Düsseldorfer, tí gbogbo èèyàn ń pè ní KD, ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti ọdún 1826. Àsìkò Àjíǹde sí oṣù kẹwàá ni wọ́n ń rìn jù. Ẹ wọ̀ ọ́ ní Rüdesheim, ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ní St. Goar, ẹ gun òkè lọ wo ilé olódi Rheinfels, kí ẹ wá wọ reluwé padà. Ohun tó rẹwà jù nínú ìrìnàjò ọ̀sẹ̀ kan lórí odò nìyẹn, ẹ sì ti rí i ní ọ̀sán kan. Láàárín Mainz àti Koblenz, kò sí afárá kankan lórí Rhine, fẹ́rì ni wọ́n fi ń sọdá. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ lọ sí Marksburg ní Braubach, ilé olódi orí òkè kan ṣoṣo ní apá ibẹ̀ tí ogun kò fọ́ rí.

Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ wọ reluwé lọ sí Würzburg, ẹ sùn, ẹ gba mọ́tò ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún. Ibẹ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n sọ ní Romantische Straße lọ́dún 1950 ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lé ní 400 kìlómítà dé Füssen. Ẹ sùn ní Rothenburg lóru ọjọ́ yẹn, ẹ má kàn yà síbẹ̀ kọjá. Bọ́ọ̀sì àwọn àlejò máa ń kó wọn lọ ní ìrọ̀lẹ́, ìlú á dákẹ́, odi ìlú á sì kù fún ẹ̀yin àti àwọn onílùú. Lọ́jọ́ kẹfà, Dinkelsbühl, lẹ́yìn náà Nördlingen, ìlú tí wọ́n kọ́ sínú kòtò tí òkúta láti ojú ọ̀run gbẹ́ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 ọdún sẹ́yìn. Àwọn ọmọ mi rìn yí orí odi rẹ̀ po tán. Ẹ sùn ní Augsburg. Lọ́jọ́ keje, ẹ yà ní ṣọ́ọ̀ṣì Wieskirche, kí ẹ tó dé Füssen.

Tíkẹ́ẹ̀tì Neuschwanstein ní wákàtí tirẹ̀, ẹ rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kí ẹ sì mú wákàtí àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ. Láti ìsàlẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ààfin, ẹsẹ̀ á gbà tó ìṣẹ́jú 30 sí 40 lórí òkè, wọn kì í sì í dúró de ẹni tó bá pẹ́. Láti ibẹ̀ sí München jẹ́ nǹkan bíi wákàtí méjì. Ẹ ra epo kún mọ́tò kí ẹ tó wọ ìlú, ẹ tún ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i ní ibi ìdápadà, kí ẹ sì gba ìwé lọ́wọ́ wọn pé ẹ ti dá a padà láìní àlébù.